Ẹ̀KỌ́: ÀWỌN ÌYÁ ÌDÍLÉ CROWTHER

Bíbélì kíkà: 2 Timoteu 1:3–7

Ẹ̀yin ìyá wa nínú Olúwa, Loisi ló fi ìgbàgbọ́ lé Eunike lọ́wọ́, Eunike náà sì fi lé Timoteu lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan nílẹ̀ Yorùbá.

1. Àfàlà. Ìdílé rẹ̀ sọ pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni àwọn. Ní 1821, ogun kó Òṣoogùn, wọ́n sì ya òun àti Àjàyí ọmọ rẹ̀ nípa. Ní 1846 ni wọ́n tún fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta. Àjàyí ti di Àlùfáà Samuel Crowther. Ní 1848, Àfàlà ṣe ìrìbọmi, ó sì jẹ́ Hannah, ìyá Samuel.

2. Susan Aṣánò, aya Samuel. A gba òun náà nínú oko ẹrú. Ó di olùkọ́ ní Sàró.

3. Abigail, ọmọ wọn, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Àwọn ló bí Herbert Macaulay ní 1864.

Ẹ̀kọ́ wa: Ọmọ ló mú ìyá wá sọ́dọ̀ Jésù níhìn-ín. Nítorí náà, kò pẹ́ jù fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége lè mú wa pẹ́ délé; ẹ má jẹ́ kí àdúrà ìdílé kú.

Ìbéèrè: Kí ni àwọn ọmọ wa yóò jogún lọ́wọ́ wa?