Ojú Àlejò Kò Ríran, Ẹnu Rẹ̀ Ńkọ́?

Ojú àlejò tóbi, kò fi ríran. Ta ni kò mọ ìyẹn? Àwọn tó sọ òwe náà di àwáwí ló ń bí mi nínú.

Àwọn àgbẹ̀ kan láti Lálúpọn ni a jọ lọ wo Ganvié, ìlú tó dúró lórí adágún Nokoué nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Abomey-Calavi la ti wọ ọkọ̀ ojú omi. A kò tíì dé ìdí ilé àkọ́kọ́ tí fóònù ti ń yọ lápò. Obìnrin kan tó ń tajà nínú ọkọ̀ rẹ̀ fi akẹtẹ̀ bojú. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tún sún mọ́ ọn, wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn fa igi kan tu láàárín àwọn igi gbígbẹ tí wọ́n gún sínú omi, ó gbé e dání bí ọ̀pá àṣẹ, ó ní kí wọ́n ya òun. Atukọ̀ figbe ta. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, àlejò ni."

Àlejò kẹ̀? Oko olóko ló tú! Acadja ni wọ́n ń pè é. Apẹja á gún ẹ̀ka igi mọ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún. Bí igi bá ti ń jẹrà, oúnjẹ ẹja á máa hù sí i lára, ẹja á wá sá pamọ́ síbẹ̀, á jẹ, á bí sí i. Tó bá yá, ẹni tó ni ín á fi àwọ̀n yí i ká, á yọ igi, á kó ẹja. Bí àjèjì bá wọ oko wa ní Lálúpọn, tó fa ọ̀pá iṣu tu torí fọ́tò, ṣé "àlejò ni" la ó wí?

Wọ́n tún ń bi ara wọn pé, kí ló dé tí àwọn èèyàn yìí kò wá sórí ilẹ̀? Wọn kò bi onílé. Ìtàn àwọn Tofinu, àwọn ará Ganvié, ni pé nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lẹ́rú, orí omi ni àwọn sá sí, nítorí ẹ̀sìn àwọn ọmọ ogun náà kò gbà kí wọ́n jà lórí omi. Dàhòmì kan náà ló ṣígun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864. Ìbàdàn wa náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àgọ́ ogun tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé kóra jọ sí ni? Ọmọ ìsáǹsá ń fi ọmọ ìsáǹsá ṣe yẹ̀yẹ́!

Nítorí náà, bó o bá ń lọ sí Ganvié, tàbí Mákòókò tó wà lórí omi l'Èkó níbí, bá atukọ̀ dúnàádúrà kó o tó gbéra. Kí èèyàn kó o tó yọ fóònù. Bí wọ́n bá kọ̀, dá a padà sápò. Ra nǹkan lọ́wọ́ wọn. Gbé ọ̀rá omi rẹ bọ̀ wálé. Má fọwọ́ kan igi kankan.

Òwe yẹn kò tọ̀nà tán. Ojú àgbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ dá oko mọ̀, ìbáà jẹ́ lórí omi. Bí ojú bá sì kùnà, ẹnu kò yadi: ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Onílé ló ni òwe àlejò. Òun ló lè fi dárí jì wá, kì í ṣe àwa la ó fi dárí ji ara wa.