Abẹ́rẹ́ Ilẹ̀ Ṣáínà àti Ìfun Tó Ń Wú: Ìdáhùn Mi fún Àǹtí Mi

Nígbà ìsinmi tó kọjá, Àǹtí mi pè mí lórí fóònù. "Dókítà wa" ni wọ́n máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì jáde. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà ń fi abẹ́rẹ́ wo irú àìsàn mi yìí. Ṣé kí n pa oògùn òyìnbó tì?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo kà láàárín ọjọ́ náà ni mo kọ síbí, nítorí ẹnìkan yóò bi ẹ̀yin náà lọ́jọ́ kan.

Ulcerative colitis ló ń ṣe Àǹtí mi. Òun àti àrùn Crohn ni a pa pọ̀ tí a ń pè ní IBD. Nínú méjèèjì, àwọn ọmọ-ogun ara máa ń kọjú ìjà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun á wú, á sì dá egbò. Ulcerative colitis kì í kọjá awọ inú ìfun ńlá. Àrùn Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí, ó sì lè jẹ ògiri ìfun já. Wọ́n máa ń rọlẹ̀, wọ́n sì tún máa ń padà dé. Nígbà tí Àǹtí mi kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, gbogbo ilé ló sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọdún méjì ni wọ́n fi mu àgbo kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ẹ̀rọ wo inú ìfun wọn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè wọn fi bà mí lẹ́rù.

Kí ni acupuncture? Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń gún àwọn ojú ibi pàtó lára. Kò dà bíi gbẹ́rẹ́ tiwa, tí a ń sín kí a tó fi oògùn ra á. Kò sí oògùn nínú abẹ́rẹ́ náà rárá. Fún àìsàn ìfun, wọ́n sábà máa ń gún ẹ̀gbẹ́ ìdodo àti ìsàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n tún lè jó ewé gbígbẹ kan nítòsí awọ ara kí ooru rẹ̀ lè wọlé. Moxibustion ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ní 2004, Stefanie Joos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 51 tó ní àrùn Crohn tí kò le jù. Wọ́n gún apá kan ní ojú ibi tó yẹ; wọ́n gún apá kejì ní ibi tí kì í ṣe ojú ibi acupuncture. Máàkì CDAI ni wọ́n fi wọn àìsàn náà: bó bá wálẹ̀ kọjá 150, a gbà pé ó ti rọlẹ̀. Ní ìpíndọ́gba, máàkì apá kìíní já láti 250 sí 163.

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń pa ìwé dé nìyẹn. Máàkì apá kejì náà já, láti 220 sí 181. Ìyẹn ni pé apá kìíní fi 87 dínkù, apá kejì fi 39. Ìrètí, ìsinmi, ìtọ́jú oníwà pẹ̀lẹ́ àti bí àìsàn náà ṣe máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lè wà nínú 39 yẹn. Ìyàtọ̀ 48 tó ṣẹ́kù ni a lè máa rò pé ojú ibi abẹ́rẹ́ ló fà á. Ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n 163 ṣì ju 150 lọ.

Ìwádìí mìíràn láti Shanghai, tó jáde ní 2022, lo ènìyàn 66 tó ní àrùn Crohn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n tọ́jú wọn fún ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti moxibustion. Àwọn tí àìsàn wọn rọlẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú ìdíbọ́n lọ.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, mo pe Àǹtí mi. Mo sọ ohun mẹ́ta fún wọn. Èkíní, àrùn Crohn ni wọ́n wò nínú ìwádìí méjèèjì yìí. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti àìsàn tiyín, wọn kì í ṣe ìbejì. Èkejì, ìtọ́jú àfikún ni abẹ́rẹ́ yìí: ẹ̀gbẹ́ oògùn ló ń dúró, kì í gba ipò rẹ̀. Bí ìfun bá ń wú fún ọdún púpọ̀ láìsí ìtọ́jú, ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá á máa pọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó lọ, torí pé àwọn oògùn kan fún àìsàn yìí máa ń dín agbára ara láti gbógun ti kòkòrò kù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gún yín, ojú yín ni kí wọ́n ti tú abẹ́rẹ́ tuntun.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Nítorí náà, kí n má fi mesalazine mi sílẹ̀?"

"Ẹ má fi sílẹ̀ o, Àǹtí."

"Ó ti tán lána ná. Màá rà á lónìí."

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ka ìwádìí kan, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí apá kejì. Ẹnìkan lè máa dúró de ìdáhùn yín kó tó ra oògùn.