Oògùn Kòkó àti Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé
Ní Aládé-Ìdànrè níbí, oko kòkó ló pọ̀, nítorí náà oògùn apakòkòrò kì í wọ́n nílé. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fín in sí tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Kòkó ní èèpo tó bo èso rẹ̀. Ewé ni a ń jẹ lára tẹ̀tẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ó ti dénú ọbẹ̀. Gamalin 20 tí àwọn bàbá wa ń fín, lindane ni. Ní ọdún 2009 àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò pé kí ó kúrò lóko. Agolo oògùn kò ṣeé fi bu omi rin ọgbà, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Bí tata bá ń jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ́ kí a wọ́n eérú sí i láàárọ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé. Tàbí kí a gún ewé dóńgóyárò, kí a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí a sẹ́ ẹ, kí a fi ìgbálẹ̀ wọ́n ọn. Òjò á fọ̀ ọ́ lọ, a ó sì tún wọ́n òmíràn.