Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà: Ogún Ìlera fún Ìdílé



Nínú ọ̀pọ̀ agboolé àtijọ́ ní Fìdítì àti Ìlọrà, ẹ̀yìnkùlé ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé àgbàlagbà ń bẹ nínú ilé. Igi ọsàn yóò wà níbẹ̀, àti ìbẹ́pẹ, ewúro, efinrin, ata àti tẹ̀tẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò sì wà lẹ́yìn balùwẹ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò Operation Feed the Nation kalẹ̀ ní ọdún 1976, tí wọ́n ń rọ ará ìlú pé kí wọ́n gbin oúnjẹ sí àyíká ilé wọn, àwọn ìyá àgbà wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbà ìyá àgbà ṣì ń so. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó mú un pẹ́, àti ohun tí ó ń ṣe fún ara wa.

Ohun tí ó mú kí ọgbà náà pẹ́

Ìyá àgbà kì í ra ajílẹ̀. Eérú ààrò, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ó ti jẹrà ni ó ń kó sí ìdí ohun ọ̀gbìn. Omi ìwẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń mu, ìdí nìyí tí kì í fi í tètè rọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó máa ń fi ìdí tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbó, kí ó lè rí irúgbìn. Ní ti ewúro, ẹ̀ka rẹ̀ ni ó ń gé gbìn. Tẹ̀tẹ̀ a máa tó jẹ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Igi ọsàn a gba ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ yóò jẹ nínú rẹ̀.

Èrè rẹ̀ fún ara

Ẹ̀fọ́ ní èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó a máa tètè rẹ̀, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ a sì funfun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀ lára irú ìyá bẹ́ẹ̀ nígbà ìbímọ, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ọsàn ní fítámì C, èyí tí ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà ẹ̀jẹ̀ náà láti inú ẹ̀fọ́. Nítorí náà, ọsàn ni kí aboyún fi tẹ̀lé oúnjẹ, kì í ṣe tíì. Ìbẹ́pẹ pípọ́n, ẹ̀fọ́ àti epo pupa wúlò fún ojú, nítorí fítámì A. Ọmọ tí kò rí i tó lè má ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Gbogbo arìnrìn-àjò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni ó mọ Fìdítì mọ́ èso títà. Owó ọjà dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó di apẹ̀rẹ̀ tán, ẹ yọ ti àwọn ọmọ yín sílẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

1. Bí ó bá jẹ́ igi làpálàpá ni a fi ṣe ọgbà yí ilé ká, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má jẹ èso rẹ̀. Májèlé ni, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ni ó ń fà.

2. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ṣálángá, ẹ má sì fi ìgbẹ́ tútù ṣe ajílẹ̀, kí aràn má baà wọ inú oúnjẹ.

3. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò tí a ń lò ní oko kòkó fín ẹ̀fọ́.

4. Ẹ fi omi mímọ́ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ má sè é pẹ́ jù.

5. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá nìkan ni kí ó máa mu. Ẹ má fún un ní àgbo, ìbáà ṣe ti efinrin inú ọgbà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà.

6. Ọgbà kò lè rọ́pò ilé ìwòsàn. Kí aboyún máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fún un, kí a sì máa gbé ọmọ lọ gba fítámì A láti oṣù 6 títí yóò fi pé ọdún 5.

Kí ọgbà náà má baà parun

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. A lè ní ilẹ̀ ju ìyá àgbà lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ ibi tí omi ń dúró sí, àti irúgbìn tí ó yẹ kí a fi pamọ́. Bí ó bá lọ tán tí a sì da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé, owó ni a ó máa fi ra ohun tí a ti ń já lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ tí owó kò bá sí, ọbẹ̀ àwọn ọmọ yóò wà láìní ẹ̀fọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá a ṣiṣẹ́ nínú ọgbà nísinsìnyí tí ó wà láàyè. Ẹ gba ẹ̀ka ewúro àti irúgbìn tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó háyà yàrá lè lu ihò sí ìdí korobá tí ó ti sán, kí ó bu ilẹ̀ sí i, kí ó sì gbin ẹ̀fọ́ sínú rẹ̀. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.