Ọ̀ta, Òpè àti Káséètì: Èdè Ayò Nínú Géèmù Àtijọ́

Bí olùkọ́ bá ní kí á dárúkọ eré ìdárayá Yorùbá ní kíláàsì, ayò, àrìn, ìjàkadì àti bojúbojú ni a óò kà sílẹ̀. Kò sí ẹni tí í dárúkọ géèmù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ sí mi létí pé ohun tí wọ́n ṣe ní Jàpáàn, tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń gbé e ṣiṣẹ́, kò lè jẹ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. N kò bá wọn jiyàn nípa ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé èdè tí àwọn ọmọ wa fi ta géèmù yìí kì í ṣe ti Jàpáàn, kì í sì í ṣe ti Òyìnbó. Láti inú ayò ni ó ti wá, ó sì ń parẹ́ lọ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí á tó dé orí èdè, ó yẹ kí á mọ ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Géèmù àtijọ́ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí a sì máa ń ki káséètì bọ̀ lẹ́nu. Ilé-iṣẹ́ Nintendo gbé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Famicom, jáde ní Jàpáàn ní oṣù keje ọdún 1983. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1985 pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n káséètì ti wà ṣáájú ìgbà náà. Ní 1976 ni ilé-iṣẹ́ Fairchild ní Amẹ́ríkà gbé Channel F jáde, òun sì ni ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí a lè yọ káséètì rẹ̀ kí á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Jerry Lawson, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe aṣáájú àwọn tó ṣe é. Kí àwọn tó ń pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí ní ti Òyìnbó jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn.

Púpọ̀ nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ojúlówó. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Táíwàn àti Ṣáínà wo Famicom, wọ́n ṣe àfarawé rẹ̀, wọ́n sì ń tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn orílẹ̀-èdè tí Nintendo fúnra rẹ̀ kò wá ta ọjà sí. Káséètì wọn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé géèmù 9999999 ni ó wà nínú ẹyọ kan. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò, géèmù díẹ̀ ni. Wọ́n kàn tún orúkọ wọn kọ léraléra, tí ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí èkejì á bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ ńkọ́? Ó lè jẹ́ ti fíìmù tí kò bá ohun tó wà nínú rẹ̀ tan rárá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọmọ tó ti ta á tí kò mọ bí a ṣe ń yọ ọ́, tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, tí a tún ń kì í bọ̀ ọ́ padà bí kò bá ṣiṣẹ́. Nintendo alára kìlọ̀ pé kí a má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí omi inú èémí máa ń mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Ta ni yóò gbọ́?

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí: àwọn géèmù náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà lè ta Super Mario Bros. (1985) láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ohun tí ó ní láti mọ̀ kò ju pé kí ó máa sáré lọ sápá ọ̀tún. Ẹ̀rọ dákẹ́, àwọn ọmọ ló ń sọ̀rọ̀. Mo wá jókòó ti àwọn bùrọ̀dá kan ní Òkè-Ìlá, ní Adó-Èkìtì níbí, àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ta géèmù yìí nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, mo ní kí wọ́n máa bá ara wọn sọ ọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà náà. Ìwọ̀nba ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́nu wọn, Contra ni à ń ta, Winning Eleven ni à ń gbá. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe èèṣì. Ìlànà kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé láìmọ̀: eré tí à ń jókòó tì, tí à ń fi ìka àti ọpọlọ ṣe, ‘ta’ ni Yorùbá ń lò fún un: ta ayò, ta lúdò. Eré tó bá jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù, ‘gbá’ ni, ìbáà jẹ́ pé ẹni tó ń gbá a kò dìde lórí àga. Ẹ tún wo ‘pa’. Nínú ayò, bí mo bá borí rẹ, mo pa ọ́ láyò nìyẹn. Nínú Contra, níbi tí ìbọn ti ń dún, ‘ó pa mí’ lè túmọ̀ sí pé ó borí mi, ó sì lè túmọ̀ sí pé ọ̀tá inú géèmù ló rán ọkùnrin mi lọ sọ́run. Àwọn bùrọ̀dá wọ̀nyí ń lo méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì rú ẹnikẹ́ni lójú.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè, gẹ́gẹ́ bó ti wà nídìí ọpọ́n ayò. Òpè ni yóò dìde kí ẹlòmíràn jókòó; ọ̀ta kò ní kúrò níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi pa á. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta á, ‘ulé géèmù’ ni wọ́n ń pè é ní ohùn Èkìtì, ihò ọpọ́n ayò náà sì ni à ń pè ní ilé. N kò sọ pé láti inú ọpọ́n ni wọ́n ti mú ìkejì yìí wá. A mọ̀ pé ilé pọ̀ nínú èdè Yorùbá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń fi tipátipá so ayò mọ́ ohun tí kò kàn án, kí ó tẹ́tí sí ìròyìn eré bọ́ọ̀lù lórí rédíò. ‘Àmì ayò méjì sí òdo.’ ‘Wọ́n ta ọ̀mì.’ Ọmọ ayò kò sí lórí pápá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ayò ni wọ́n fi ń ka góòlù. Ayò ti kọ́kọ́ yá bọ́ọ̀lù ní ọ̀rọ̀ kí géèmù tó dé. Nígbà tí Winning Eleven wá dé, asọ̀ròyìn inú rẹ̀, nínú àwọn ẹ̀dà tó wá láti Jàpáàn, èdè Jàpáàn ló ń sọ. Àwọn òǹwòran tó dúró lẹ́yìn àga kò gbọ́ ohun tó ń wí, ni wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-àyálò wà níbẹ̀ o, n kò ní fi pamọ́: páàdì, káséètì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn. Ohun èlò gbé orúkọ rẹ̀ dání wá sílé wa. Ìṣe tí a fi ń lò ó, a ti ní in tẹ́lẹ̀. Méjì tó wù mí jù nínú àwọn àyálò yìí wá láti inú fíìmù: àkítọ̀ ni akọni, bọ́ọ̀sì (kì í ṣe ọkọ̀ èrò) ni olórí àwọn ọ̀tá. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ pé àkítọ̀ kì í kú nínú fíìmù. Nínú géèmù, ẹ̀mí mẹ́ta péré ni ó ní, ó sì ń kú bí ẹfọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi há àṣírí Konami sórí: òkè, òkè, ilẹ̀, ilẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, B, A. Kazuhisa Hashimoto ló fi í sínú Gradius ní 1986 kí ó lè rọ òun lọ́rùn láti dán géèmù náà wò. Nínú Contra, ọgbọ̀n ẹ̀mí ló ń fún ni. Ẹni tó bá ti ka ọfọ̀ rí yóò mọ ìdí tí àwítúnwí yìí kò fi ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti há.

Àwòrán náà kò gbẹ́yìn. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù géèmù kan tí mo rí ní Òkè-Ìlá, wọ́n kun Mario tòun ti irùngbọ̀n ẹnu rẹ̀, ayàwòrán sì dé e ní fìlà abetí ajá. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Gánà. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni àwọn tó ń gbé fídíò àti jẹnẹrétọ̀ kiri ìlú àti abúlé ti ń bẹ ayàwòrán níṣẹ́ láti kun àwòrán fíìmù sára àpò ìyẹ̀fun. Ayàwòrán lè má tíì rí fíìmù ọ̀hún, á sì fi ejò tàbí orí tí kò sí nínú rẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n ń lò ó, ojú òjò àti oòrùn ni ó wà. Lónìí àwọn olùkójọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fi owó gidi rà á. Ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà ní ilé ọnà tí wọ́n ń pè ní The Strong, tó ti ń yan géèmù sí ipò ọlá láti 2015. Super Mario Bros. wà nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yàn. Ní 2021, ẹnìkan ra káséètì Super Mario 64 tí a kò tíì tú ní ọ̀rá ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là. Tiwa ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, wọ́n ń wọ̀n ọ́n mọ́ irin.

Ohun tó ń dùn mí ju ike àti irin lọ ni pé géèmù tuntun kì í dákẹ́ mọ́. Asọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ tí kì í sinmi, àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kún ojú rẹ̀, àwọn àbúrò wa sì ń dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ní àsìkò yìí gan-an ni àwọn tó ń ṣe géèmù lókèèrè ń wá orúkọ wa kiri. Nínú Overwatch, Orisa ni wọ́n sọ ẹ̀rọ ajagun kan ní 2017, ọmọbìnrin tó ṣe é ń jẹ́ Efi Oladele, Doomfist sì ń jẹ́ Akande Ogundimu. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí wọn. Wọ́n ní orúkọ wa, wọn kò ní ohùn rẹ̀. Àwa ní ohùn, a kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Awóbùlúyì ṣe ní 1990 fún wa ní ọ̀rọ̀ fún gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, àgbà ló sì jókòó ṣe é. Àwọn ọmọdé ló ṣe ti géèmù, wọn kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Nítorí náà mo ń bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń lọ sílé fún ìsinmi: bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n tó ta á rí, ẹ bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pe ẹni tó pàdánù, ohun tí wọ́n ń wí bí ẹ̀mí bá kù kan, àti bóyá ‘ta’ ni tàbí ‘gbá’. Ẹ kọ orúkọ ìlú náà sí i, kí á lè mọ ohun tí Ìkẹ́rẹ́ ń sọ tí Ìjerò kò sọ. Bí káséètì bá ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ya fọ́tò iwájú rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àmì ohùn.