Ẹ̀kọ́ Wa Tòní: Jìbìtì Orí Fóònù, Ẹ Má Dákẹ́



Bí olè bá wọ ìsọ̀ kan, ariwo la máa ń pa kí ará ìsọ̀ kejì lè múra. Ohun tí òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà náà wí nìyẹn: báńkì tàbí iléeṣẹ́ tí wọ́n bá kọlu kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún ngCERT, ẹ̀ka ìjọba tó ń kìlọ̀ fáwọn yòókù. Ọjọ́ 7 ni wọ́n fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní 2024, ó di wákàtí 72.

Àwa ńkọ́? Bí owó yín bá pòórá, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè lé e bá. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ìyálọ́jà, kí gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Ẹ má tijú. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.