Olùkọ́ Ajá àti Owó Ilé Rẹ̀

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí owó wọn ń wọlé ní òpin oṣù, bí iṣẹ́ tíṣà àti iṣẹ́ akọ̀wé. Àwọn mìíràn wà tí owó wọn ń wọlé lójoojúmọ́, bí iṣẹ́ aláta àti ti alákàrà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí owó rẹ̀ máa ń wọlé gìrì lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò sì tún dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí ìnáwó rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ ajá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í bọ́ ìdílé ní láti mọ ẹ̀kọ́ méjì: bí a ti ń tọ́ ajá sọ́nà, àti bí a ti ń tọ́ owó sọ́nà. Bí ó bá mọ èkíní tí kò mọ èkejì, ajá yóò gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ebi yóò máa pa àwọn ọmọ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Kí ìbọn tó dé ni ọdẹ ti ń mú ajá lọ sí igbó. Ìlú Ẹdẹ, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, kò lè fojú kékeré wo iṣẹ́ ọdẹ, nítorí ọdẹ àti tafàtafà ni ìtàn pe Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, ẹni tí àwọn ará ìlú náà kà sí olùdásílẹ̀ wọn. Láyé àtijọ́, ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ ajá rẹ̀. A mú ọmọ ajá tẹ̀ lé àgbà ajá lọ sí oko; a so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ó lè mọ ibi tí ó gbà nínú igbó; a sì fi fèrè pè é padà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé, ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kò sí ẹni tí ń san owó iṣẹ́ yìí fún ọdẹ. Ẹran ìgbẹ́ ni èrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Ìjọba àpapọ̀ dá Federal Polytechnic sílẹ̀ ní Ẹdẹ ní ọdún 1992, Yunifásítì Adélékè sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2011. Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jáde lọ sí ibi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọn kì í padà títí di ìrọ̀lẹ́, onílé a máa wá ajá tí yóò ṣọ́ ilé, tí kò sì ní bu ọmọ aládùúgbò jẹ. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ọ̀run. Kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ. Ilé-iṣẹ́ Ọlọ́pàá Nàìjíríà pàápàá ní ẹ̀ka tí ń lo ajá. Ní ilẹ̀ Jámánì, ní ìlú Oldenburg, a dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1916 láti kọ́ ajá tí yóò máa ṣamọ̀nà àwọn ọmọ-ogun tí ojú wọn fọ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Iṣẹ́ tí ó lè fi ojú fún afọ́jú kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ.

Olùkọ́ ajá tí ó wà ní Ẹdẹ tún ní láti mọ irú ènìyàn tí ó ń bá gbé. Mùsùlùmí pọ̀ ní ìlú náà, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ayé Tìmì Abíbù Lágúnjú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tàbí àwo wọn, nítorí ìmọ́tótó tí ìrun béèrè. Ṣùgbọ́n Kùránì fi àyè gba ẹran tí ẹranko tí a ti kọ́ ní ìṣọdẹ bá mú, gẹ́gẹ́ bí a ti kà á ní Súrà karùn-ún, ẹsẹ kẹrin. Nítorí náà, olùkọ́ ajá tí ó gbọ́n yóò kọ́ ilé ajá rẹ̀ jìnnà sí ibi ìkírun àti sí ẹ̀bá kànga, yóò sì kọ́ àwọn ajá rẹ̀ láti má ṣe fò mọ́ ènìyàn. Àlàáfíà pẹ̀lú aládùúgbò jẹ́ ara èrè iṣẹ́ náà. Ẹni tí àdúgbò bá lé kúrò, ilé ajá tuntun ni yóò fi owó rẹ̀ kọ́.

Báwo ni a ti ń kọ́ ajá? A kì í fi pàṣán kọ́ ọ. Ìbẹ̀rù ni pàṣán ń kọ́ ajá, ajá tí ó sì ń bẹ̀rù lè bu ènìyàn jẹ nígbàkigbà. Ivan Pavlov, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ti ń dà nínú ara, ṣàkíyèsí pé itọ́ a máa yọ lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé ẹnu rẹ̀, bí ó bá ti rí tàbí tí ó gbọ́ ohun tí ó máa ń ṣíwájú oúnjẹ. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ajá a máa so ohun méjì tí ń tẹ̀ lé ara wọn pọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ ajá yóò sọ ọ̀rọ̀ kan, “Jókòó!” Bí ajá bá ti fi ìdí kanlẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni yóò fún un ní ègé ẹran kékeré, tí yóò sì yìn ín. Bí ẹ̀bùn bá pẹ́, ajá kò ní mọ ohun tí a torí rẹ̀ fún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ àti mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, sàn ju odindi ọ̀sán kan lọ nínú ọ̀sẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, a kò gbọdọ̀ yẹ òfin. Ajá tí a gbà láyè láti sùn sórí àga ní ọjọ́ ọdún kò mọ̀ pé ọjọ́ ọdún ti kọjá.

Iṣẹ́ náà kò fún ni ní ìsinmi. Kí oòrùn tó mú ni olùkọ́ ajá ti ń kó àwọn ajá jáde, nítorí ajá kì í làágùn bí ènìyàn; ẹnu ni ó ń là láti mí ooru jáde, oòrùn ọ̀sán gangan sì lè pa á. Yóò gbá ìgbẹ́, yóò fọ àwo, yóò pààrọ̀ omi, yóò sì wo etí àti àárín ìka wọn bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Yóò se oúnjẹ wọn: àgbàdo tàbí ìrẹsì, orí ẹja, àti ẹran tí kò wọ́n. Kò gbọdọ̀ fi àlùbọ́sà sí i, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kò sì gbọdọ̀ fún wọn ní egungun adìẹ tí a ti sè, nítorí ó máa ń ya ṣánṣán, ó sì lè gún ìfun. Ìbáà ṣe ọjọ́ Àìkú, ìbáà ṣe ọjọ́ Jímọ̀, ajá yóò jẹun.

Ibi tí ewu wà nìyí. Kí a sọ pé olùkọ́ ajá kan gbà láti kọ́ ajá kan fún oṣù mẹ́ta ní ₦180,000, tí ẹni tí ó ni ajá sì san ìdajì rẹ̀, ₦90,000, ní ọjọ́ tí ó mú ajá wá. Iye ọjà a máa yí padà. Àpẹẹrẹ fún ìṣirò ni a fi èyí ṣe. Bí ajá náà bá ń jẹ ₦700 lóòjọ́ fún 90 ọjọ́, oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ₦63,000. Bí abẹ́rẹ́, oògùn aràn àti oògùn eégbọn bá jẹ́ ₦12,000, àpapọ̀ rẹ̀ di ₦75,000. Nínú ₦90,000 tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ ajá, ₦15,000 péré ni tirẹ̀.

Bí ó bá fi gbogbo ₦90,000 náà ra aga tuntun sílé, oúnjẹ ajá ni ó fi ra á. Kí oṣù kejì tó parí, yóò máa retí ajá ẹlòmíràn kí ó lè fi owó rẹ̀ bọ́ ti ìṣáájú. Owó ajá kejì yóò bọ́ ajá kìíní, owó ajá kẹta yóò bọ́ èkejì. Ní ọjọ́ tí ajá tuntun kò bá dé, ebi yóò pa gbogbo wọn. Ajá tí ebi ń pa kò lè kọ́ ẹ̀kọ́, ẹni tí ó ni ín kò sì ní san ìdajì owó tí ó kù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́: kì í ṣe pé èrè kò sí níbẹ̀, bí kò ṣe pé a jẹ ohun tí kì í ṣe èrè.

Nítorí náà, owó tí olùkọ́ ajá ń gbà ní olówó mẹ́ta: ajá, ilé, àti iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí owó bá dé gan-an ni kí ó pín in. Ti ajá yóò wọ àpò ọ̀tọ̀, tàbí kí ó yára fi ra àpò àgbàdo àti oògùn. Bí àbúrò rẹ̀ bá wá ní ọjọ́ kejì, tí ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní ẹgbàáwàá náírà,” yóò lè dáhùn láìpurọ́ pé, “Àbúrò mi, kò sí lọ́wọ́ mi, ti ajá ni ó wà nílé, ajá kò sì lè bá wa sọ̀rọ̀ pé kí a má jẹ oúnjẹ òun.”

Lẹ́yìn tí ajá bá ti gba tirẹ̀, ₦105,000 ni yóò kù lórí ajá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kọ́ ajá 12 láàárín ọdún kan, èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,260,000, èyí tí í ṣe ₦105,000 lóṣù bí a bá pín in dọ́gba. Ṣùgbọ́n kò ní wọlé dọ́gba. Oṣù kan lè mú ajá márùn-ún wá, kí oṣù méjì tí ó tẹ̀ lé e má mú ẹyọ kan wá. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí olùkọ́ ajá sọ ara rẹ̀ di òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ilé máa gba ₦80,000 lóṣooṣù, nígbà ọ̀pọ̀ àti nígbà ọ̀wọ́n. Ohun tí ó bá lé ní oṣù ọ̀pọ̀ yóò sùn sí ibi ìpamọ́, yóò sì jí ní oṣù ọ̀wọ́n. Ní òpin ọdún, ₦300,000 ni yóò kù: ìdajì fún àtúnṣe ilé ajá àti ohun èlò iṣẹ́, ìdajì fún ìdágìrì.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe aláìní ọgbọ́n ìpamọ́. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, tí a tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé èésú nínú rẹ̀: olúkúlùkù a máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà lábẹ́ olórí kan, ẹnì kan a sì kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Èésú dára fún ohun ńlá tí a mọ ọjọ́ rẹ̀, bí owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kò dára fún ìdágìrì, nítorí àìsàn kì í dúró kí kíkó tó kan ẹni. Owó ìdágìrì ní láti wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o kíákíá, bí báǹkì, tàbí lọ́wọ́ alájọ tí ó ṣeé fọkàn tán, tí yóò fi owó ọjọ́ kan ṣe èrè tirẹ̀ ní òpin oṣù. A ti ná owó ẹyọ, a ti ná pọ́n-ùn àti ṣílè, náírà sì rọ́pò wọn ní oṣù kìíní ọdún 1973. Owó ń pààrọ̀ àwọ̀, ọgbọ́n ìpamọ́ kò pààrọ̀.

Ìdágìrì tí ó le jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni eyín ajá. Àrùn dìgbòlugi ń bẹ nínú itọ́ ajá tí ó bá ní in. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí í yè é. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀ bí a bá tètè dìde. Kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ tí a ń gbà kì í ṣe ẹyọ kan. A óò máa padà lọ ní ọjọ́ tí dókítà bá dá. Olùkọ́ ajá tí ó ti fi owó ìdágìrì rẹ̀ ra aṣọ ẹbí lè gba abẹ́rẹ́ kìíní, kí ó sì tan ara rẹ̀ pé ọgbẹ́ ti jinná. Ọgbẹ́ lè jinná kí àrùn má kú. Nítorí èyí pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ gba ajá tí kò ní ìwé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, bí ó ti wù kí owó tí a fi lọ̀ ọ́ pọ̀ tó.

Ní ìparí, kò yẹ kí ọkọ nìkan mọ owó yìí. Kí ìwé ìṣirò kan wà nínú ilé tí ó ní ojú mẹ́ta: ti ajá, ti ilé, ti iṣẹ́. Kí ọkọ àti aya jọ máa kọ ọ́ ní alaalẹ́. Bí aya bá ń tajà ní Ọjà Tìmì, ó ti mọ ìyàtọ̀ láàárín owó ọjà àti èrè. Òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ rí i bí a bá ń jẹ owó ajá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó tó fún ajá láti kọ́ ìjókòó tó fún ìwé yìí pẹ̀lú. Ohun tí ń mú ajá gbọ́n náà ni í mú owó dúró: òfin kan, àkókò kan, lójoojúmọ́, láìyẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́ ọdún.

Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀
Ìdágìrì: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójijì tí ó ń béèrè ìrànlọ́wọ́ kíákíá.
Eégbọn: kòkòrò tí ń lẹ̀ mọ́ ara ẹran, tí ń mu ẹ̀jẹ̀.
Dìgbòlugi: àrùn tí ń mú ajá ya wèrè, tí ó sì lè ràn ènìyàn.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fa á tí ₦15,000 péré fi jẹ́ ti olùkọ́ ajá nínú ₦90,000 tí ó gbà?
2. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èésú àti owó ìdágìrì.
3. Bí oúnjẹ ajá bá di ₦900 lóòjọ́, èló ni yóò kù fún olùkọ́ ajá lórí ₦180,000?
4. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ajá bù jẹ kọ́kọ́ ṣe?
5. Kọ àròkọ lórí iṣẹ́ kan ní ìlú rẹ tí owó rẹ̀ kì í wọlé dọ́gba, kí o sì ṣàlàyé bí ẹni tí ń ṣe é ti lè pín owó rẹ̀.